Ohùn Inú Àpáta

Mo kọ̀ fún àwọn tó ń sọ pé ọba àti ogun nìkan ni ìtàn, pé ìbọ kò kan òpìtàn. Àwa tí a ń gbọ́ ìtẹ̀dó ìlú nínú ẹsẹ Ifá kò lè gba èyí. Lọ́dún 1999, Terence Ranger, òpìtàn tí ìjọba Rhodesia ti lé jáde lọ́dún 1963, kọ ìwé Voices from the Rocks lórí àwọn òkè Matopos ní Zimbabwe. Àwọn olùsìn Mwari gbà pé Ọlọ́run ń fọhùn láti inú àpáta ibẹ̀. Wọ́n ń lọ tọrọ òjò ní ojúbọ Njelele. Ranger (òyìnbó ni o!) kò ti èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́: ó gbé e sí àárín ìtàn ilẹ̀ àti ìṣèlú. Àárín àwọn òkè yìí kan náà ni wọ́n sin Cecil Rhodes sí lọ́dún 1902. Ibojì òyìnbó wá di ìtàn, ojúbọ di ìgbàgbọ́ asán! Ta ló pín in bẹ́ẹ̀? Ẹni tó kọ ìtàn Abẹ́òkúta láì dé ojúbọ Olúmọ, àpáta tó dáàbò bo Ẹ̀gbá nígbà ogun, kí ló kọ? Kí ó padà lọ bá àwọn àwòrò.