Ẹ̀yin Tí Ẹ Gbé Jíìpù Sókè, Ta Ni Ẹ Fi Ọ̀nà Sílẹ̀ Fún?

Ará ilé wa là ń bá wí, kì í ṣe ọ̀tá. Àwọn àgbà ló ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Kòkòrò tó gbòde báyìí ní Alímòṣọ́, láti Ìkòtún dé Ẹ̀gbẹ́dá, láti Ìdímù dé Ìgàndó, ni jíìpù olówó ńlá tí wọ́n gbé sókè. Ẹ ó rí Lexus GX tòkunbọ̀ ọdún 2010 tí wọ́n ti pa ojú rẹ̀ dà di ti ọdún tuntun. Ẹ ó rí Prado tí wọ́n ki irin sí ìdí sípíríǹgì rẹ̀ kó lè ga. Táyà gàgàrà tí eyín rẹ̀ dà bíi ti ọ̀nì, irin ràgàjì níwájú, iná tó ń fọ́ni lójú lórí òrùlé. Tí ẹ bá sì béèrè ohun tó fà á, ìdáhùn kan náà ni gbogbo wọn ń fọ̀: "Ọ̀nà àdúgbò wa ni."

Ibẹ̀ gan-an ni ìjà wa wà. Jíìpù tí a gbé sókè kò tún ọ̀nà kankan ṣe. Ẹni tó ni ín nìkan ló ń gbé kọjá kòtò, ohùn tó yẹ kí olúwarẹ̀ fi béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ìjọba ló sì ń gbé lọ pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn tó kù sẹ́yìn nínú ẹrẹ̀ ni ohùn wọn kì í dé ibi tí wọ́n ti ń pín owó.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì wá gbọ́. A kò sọ pé kí olówó má náwó rẹ̀. A kò sì bá àwọn mẹkáníìkì wa jà. Ẹni tó lè tú ojú ọkọ̀ ọdún 2010 palẹ̀ kó sì tò ó padà bíi tuntun, oníṣẹ́ ọnà ni, a kí i. A mọ̀ pẹ̀lú pé níbi púpọ̀ láyé, eré ìdárayá ni kéèyàn máa wa jíìpù lórí àpáta àti iyanrìn. Àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa jù ni ìdíje Paris–Dakar, tó bẹ̀rẹ̀ ní 26 Oṣù Kejìlá 1978. Wọ́n gbéra ní Paris, wọ́n la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, wọ́n gba Niger àti Mali, wọ́n sì parí ìrìn wọn sí Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gà. Láàárín àwọn mọ́tò, Range Rover ló gbégbá orókè nínú ìdíje àkọ́kọ́ yẹn. Mercedes G gbà á ní 1983. Nígbà tó di 2008, wọ́n fagi lé ìdíje náà nítorí ìbẹ̀rù ìkọlù ní Mauritania. Ní 2009 wọ́n kó o lọ sí Gúúsù Amẹ́ríkà, láti 2020 ló sì ti wà ní Saudi Arabia.

Ẹ kíyè sí nǹkan kan nínú ìtàn yẹn. Àwọn òyìnbó wọ̀nyẹn ló wá ọ̀nà burúkú wá. Wọ́n fi ọjọ́ díẹ̀ ṣeré nínú rẹ̀, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n sì padà sílé wọn lórí ọ̀dà dídán. Tiwa kì í ṣe eré. Ìyá tó ń gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátò lọ sí ọjà Ìkòtún láàárọ̀ kùtùkùtù kò forúkọ sílẹ̀ fún ìdíje kankan. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bọ́ bàtà kó tó lè dé ojú títì kò bá ẹnikẹ́ni dupò. Ohun tí ẹlòmíràn ń fò lọ sí aṣálẹ̀ kó tó rí, ẹnu ọ̀nà wa ló wà.

Alímòṣọ́ kì í sì í ṣe aṣálẹ̀. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2006, èèyàn 1,277,714 ni ìjọba àpapọ̀ kà níbẹ̀. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fúnra rẹ̀ jiyàn, ó ní wọ́n ju 2,000,000 lọ. Èyí tó wù kẹ́ ẹ gbà nínú méjèèjì, ìlú ńlá gbáà ni. Nígbà tí Toyota bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọkọ̀ tó wá di Land Cruiser ní 1951, orí òkè Fuji ní Japan ni wọ́n wà á gùn kí ayé lè rí agbára rẹ̀. Ibi tí kò ti sí ọ̀nà rárá ni wọ́n rò pé yóò ti wúlò. Tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá wá di ohun tí èèyàn nílò kó tó lè ti ilé rẹ̀ ní Abáránjẹ dé Ìkòtún, ìtìjú ló jẹ́ fún wa. Kí ló wá kù tí a ń fi í yangàn?

Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ wo ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń ṣe sí i kò ràn án lọ́wọ́. Gbogbo ohun tí à ń pè ní jíìpù kọ́ ló jẹ́ ọ̀kan náà. Land Cruiser, Prado, Lexus GX àti Mercedes G ní férémù irin gbọọrọ lábẹ́, orí rẹ̀ ni wọ́n gbé ara ọkọ̀ lé. Irú ìyẹn ni wọ́n ṣe fún kòtò. Toyota Highlander àti Lexus RX 350 kò ní irú férémù bẹ́ẹ̀. Mọ̀lẹ́bí Camry ni wọ́n. Aṣọ jíìpù ni wọ́n wọ̀. Tí ẹ bá gbé wọn sókè, irin tó ń gbé agbára láti inú jíà lọ sí táyà yóò dagun ju bó ṣe yẹ lọ, rọ́bà tó bo oríkèé rẹ̀ yóò ya, iyanrìn yóò wọlé, ẹ ó sì di oníbàárà mẹkáníìkì títí ayé.

Èyí tó ní férémù náà kò bọ́. Bí ọkọ̀ bá ṣe ga sí i ni yóò máa rọrùn fún un tó láti dojú dé nígbà tí ẹ bá ṣẹ́ kọ́nà lójijì. Táyà tó tóbi ju ti ilé iṣẹ́ lọ a máa tan aago eré jẹ: tí táyà bá fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nígbà tí aago bá ń wí fún yín pé 80 lẹ wà, 88 lẹ ń sá. Irú táyà bẹ́ẹ̀ tún wúwo, bíréèkì yóò sì jìyà kó tó mú. Lékè gbogbo rẹ̀, ẹni tó jókòó sókè tó bẹ́ẹ̀ kò lè rí ọmọdé tó dúró sún mọ́ iwájú ọkọ̀ rẹ̀. Ní àdúgbò tí kò ní ibi ìrìn ẹsẹ̀, tí ọmọ iléèwé àti ọkọ̀ jọ ń du ojú kan náà, a kò gbọdọ̀ fojú kékeré wo ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ omi ló wá dùn wá jù. Ilé iṣẹ́ tó ṣe Land Cruiser sọ pé ó lè wọ omi tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 70. Ìyẹn ga ju orúnkún àgbàlagbà lọ. Ó dáa, jíìpù yín wọ̀ ọ́, ó sì jáde. Omi tó tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ńkọ́? Ó wọ ṣọ́ọ̀bù aláta, ó gbé ìrẹsì lọ. Ó wọ ẹ́ńjìnì kẹ̀kẹ́ Márúwá, ẹni tó ń fi í wá oúnjẹ òòjọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tì í nínú òjò. Ó wọ inú kórópe, ó rẹ ìwé àwọn tó ń lọ ṣe ìdánwò. Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹ̀yin ń da omi sẹ́yìn, ẹlòmíràn ló ń tẹ ẹrẹ̀.

A ti gbọ́ àwíjàre wọn. Àkọ́kọ́ ni pé, "Ìjọba kò ṣe ọ̀nà, ṣé kí n wá jókòó sílé ni?" Rárá, ẹ má jókòó. Ṣùgbọ́n irú ọ̀rọ̀ yìí kọ́ la fi ra jẹnẹrétọ̀ nígbà tí kò sí iná? Òun kọ́ la fi gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ nígbà tí omi ẹ̀rọ kò yọ? Onílé kọ̀ọ̀kan ti di ìjọba ìbílẹ̀ ara rẹ̀. Ìjọba tó yẹ kó ṣe é sì ti sinmi, torí àwọn tó lè dà á láàmú ti ra ìfọ̀kànbalẹ̀ tiwọn lọ́jà.

Èkejì ni pé, "Tí wọ́n bá ṣe ọ̀nà tán, a ó sọ ọ́ kalẹ̀." Ta ni yóò mú kí wọ́n ṣe é? Nígbà tí ìjọba Èkó fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ 6 ní Oṣù Kẹfà 2022, tí wọ́n tún fi 4 kún un ní Oṣù Kẹsàn-án, Alímòṣọ́ kò sí lára wọn. Ọ̀kadà ni ọ̀pọ̀ wa ń gùn wọ inú àdúgbò. Aboyún tó ń lọ sí Ilé Ìwòsàn Ìjọba ní Ìgàndó lórí ọ̀kadà kò lè ki irin sí ìdí sípíríǹgì rẹ̀. Ẹni tó ní owó, tó kàwé, tó mọ àwọn èèyàn ní káńsù, òun ni wọ́n máa ń dá lóhùn. Ohun tó bá ti ni ín lára ni wọ́n máa ń tètè ṣe. Ọjọ́ tí kòtò kò bá ni ín lára mọ́, kòtò ti di ti tálákà nìyẹn.

A kò ní torí èyí sọ pé a kò mọ ẹni tó yẹ ká mú. Àfikún Kẹrin nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 kà á sínú iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀: títì àdúgbò, gọ́tà, ṣíṣe wọn àti títún wọn ṣe. Ní 11 Oṣù Keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà, kó má gba ọwọ́ gómìnà mọ́. Ní 12 Oṣù Keje 2025, wọ́n dìbò yan àwọn alága sí káńsù 57 ní Èkó. Mẹ́fà nínú wọn wà lórí ilẹ̀ Alímòṣọ́: Alímòṣọ́ fúnra rẹ̀, Agbádo/Òkè-Odò, Ayọ̀bọ̀-Ìpájà, Ẹ̀gbẹ́-Ìdímù, Ìgàndó-Ìkòtún àti Mòsán-Òkúnọlá. Alága mẹ́fà! Mélòó nínú àwọn oníjíìpù wa ló mọ orúkọ ti tirẹ̀? Orúkọ ẹni tó ń ta táyà ni wọ́n mọ̀.

Àwa tí à ń kọ́ Yorùbá kò sì lè dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ irin àti ọ̀nà, torí Ògún ló ni méjèèjì. Ìtàn tí gbogbo wa kọ́ ni pé nígbà tí àwọn òrìṣà ń bọ̀ wá sí ayé, igbó dídí dènà mọ́ wọn. Ọbàtálá fi àdá òjé gbìyànjú, àdá náà tẹ̀. Ògún ló fi àdá irin la ọ̀nà, gbogbo àwọn yòókù sì gba ibẹ̀ kọjá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbà á ní olórí láàárín ara wọn. Ògún kò gun orí igbó lọ nìkan kó wá máa bojú wẹ̀yìn wo àwọn tó há. Tó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe, ta ni ì bá máa bọ ọ́? Irin tí Ògún fi la ọ̀nà fún ẹgbẹ́ rẹ̀, òun lẹ wá fi sá fún ẹgbẹ́ yín. Bẹ́ẹ̀ sì ni láyé àwọn baba wa, tí ọ̀nà odò tàbí ọ̀nà oko bá dí, ilé kọ̀ọ̀kan ló ń mú èèyàn wá láti ro ó. Ọ̀nà kì í ṣe ohun ìní ẹnì kan.

Nítorí náà, ohun tí à ń béèrè lọ́wọ́ yín nìyí, pàápàá ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tẹ́ ẹ ti kàwé jáde, tí Ọlọ́run ti ṣe é fún. Ẹ máa lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ àdúgbò yín. Ẹ má rán dẹ́rẹ́bà. Kẹ́ ẹ tó tún náwó lórí sípíríǹgì, ẹ kọ lẹ́tà sí káńsù yín. Òfin FOI ti 2011 fún gbogbo wa láṣẹ láti béèrè iye owó tó wọlé àti títì tí wọ́n ná an lé. Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti fèsì, ẹ kò sì ní láti sọ ìdí tẹ́ ẹ fi ń béèrè. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sì ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní Oṣù Kẹrin 2025 pé òfin náà de ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, kó wá bá wa. A ó kọ ọ́ ní Yorùbá, a ó kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, a kò ní gba kọ́bọ̀.

Tí òjò bá sì rọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. Èèyàn ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.

Ẹ sọ jíìpù yín kalẹ̀, ohùn yín ni kí ẹ gbé sókè.