Ta Ló Sọ Pé Àlòpatì Ni?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá yìí kò ní dùn mọ́ gbogbo ènìyàn nínú, ṣùgbọ́n bí a kò bá sọ ọ́ nísinsìnyí, ìgbà tí kò ní wúlò mọ́ ni a óò sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ àga ni. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín, wọn yóò ní kí ni akẹ́kọ̀ọ́ èdè ń wá nídìí iṣẹ́ káfíńtà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, kí wọ́n tó gbọ́.

Ó ti tó ọdún mélòó kan tí àwọn olówó ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti ń wá àga àti tábìlì onígi tí a ṣe láàárín nǹkan bí ọdún 1945 sí 1970, tí wọ́n ń wá a bí ẹni ń wá wúrà. Òkìkí rẹ̀ ti kan ọ̀dọ̀ wa. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ti ń sọ pé òwò tuntun dé: kí a máa lọ sí ibi gbàǹjo ìjọba, kí a ra àga àtijọ́ ní ọ̀pọ̀, kí a sì tà á fún òyìnbó. Wọ́n ní kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, nítorí pé ẹni tó ni nǹkan ló fọwọ́ ara rẹ̀ sọ ọ́ nù. Èmi kò fara mọ́ ọn rárá.

Ìlú kan wà ní ìhà àríwá Íńdíà tí à ń pè ní Chandigarh. Nígbà tí a pín Íńdíà sí méjì ní 1947, Lahore tí í ṣe olú-ìlú Punjab bọ́ sọ́wọ́ Pakistan, ni Nehru bá ní kí a tẹ olú-ìlú tuntun dó. Le Corbusier ni ó ṣe olórí àwọn ayàwòrán-ilé náà. Ìbátan rẹ̀, Pierre Jeanneret, bá a lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni tọkọtaya ará Gẹ̀ẹ́sì kan, Maxwell Fry àti Jane Drew. Kí ẹ má gbàgbé tọkọtaya yìí, nítorí a óò tún bá wọn pàdé. Jeanneret ló pẹ́ jù níbẹ̀. Títí di 1965 ni ó fi ṣiṣẹ́ ní ìlú náà, nígbà tó sì kú ní 1967, inú adágún omi Sukhna níbẹ̀ ni a da eérú ara rẹ̀ sí nígbẹ̀yìn.

Ìlú tuntun kò lè ṣe kó má ní àga. Ilé-ẹjọ́ ń fẹ́, yunifásítì ń fẹ́, àwọn akọ̀wé ìjọba ń fẹ́ ibi tí wọn yóò jókòó sí. Igi tíìkì ni wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú wọn. Ẹsẹ̀ àga náà yà bí ẹsẹ̀ kọ́ńpáàsì ọmọ iléèwé, pánkẹ́rẹ́ tí a hun ni ìjókòó àti ìfẹ̀yìntì rẹ̀, kí atẹ́gùn lè ráyè fẹ́ sí ẹni tó jókòó nínú ooru. Àwọn káfíńtà ibẹ̀ ló ṣe é, ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀. Wọ́n wá fi ọ̀dà kọ lẹ́tà àti nọ́ńbà sí i lára, kí akọ̀wé ilé-ẹjọ́ má bàa jí ti yunifásítì gbé. Kò sí ẹni tó pè é ní ohun ọ̀ṣọ́ nígbà náà.

Nígbà tó yá, pánkẹ́rẹ́ já, ẹsẹ̀ yẹ̀, ọ̀gá tuntun dé, ó fẹ́ àga onírin àti oní-rọ́bà. Wọ́n kó ti àtijọ́ sórí òrùlé àti sí ẹ̀yìnkùlé, òjò àti oòrùn ń pa á, wọ́n sì ń lù ú ní gbàǹjo fún rúpì díẹ̀díẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1990 ni àwọn oníṣòwò ará Faransé bẹ̀rẹ̀ sí dé. Wọ́n rà á, wọ́n dì í sínú ọkọ̀ òkun, wọ́n bó ọ̀dà rẹ̀, wọ́n kùn ún ní fáníìṣì, wọ́n sì gbé e kalẹ̀ ní Párísì, Lọ́ńdọ̀nù àti New York, níbi tí àga akọ̀wé ti di ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là. Nọ́ńbà tí a fi ọ̀dà kọ kí a má bàa jí i ló wá di ẹ̀rí pé ojúlówó ni! Arábìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Amie Siegel, ṣe fíìmù nípa rẹ̀ ní 2013. Inú ilé àwọn olówó ni fíìmù náà ti bẹ̀rẹ̀, ó ń fi ẹ̀yìn rìn lọ títí ó fi dé Chandigarh. Lọ́dún náà, wọ́n lu fíìmù ọ̀hún pàápàá ní gbàǹjo ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ìjọba Íńdíà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òfin de títà àwọn àga náà ní 2011. Ṣùgbọ́n òfin wọn ti 1972 lórí àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní ohun tí kò bá tí ì pé 100 ọdún kì í ṣe ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Nítorí náà, àga tó ti kọjá sókè òkun ti kọjá náà nìyẹn.

Àwọn tó kó o lọ ní àwọn gbà á là ni. Òótọ́ wà níbẹ̀, n kò ní jiyàn: bí wọn kò bá dé, iná ìbá ti jó púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó ta nǹkan yìí kò sì sàn ju ẹni tó rà á lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ mi, n kò lè jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí kọjá lọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó yọ ọmọ nínú iná kì í gbé ọmọ náà lọ sọ́jà. Bí ó bá gbé e lọ sọ́jà, ẹ wá orúkọ mìíràn fún un, ẹ má pè é ní olùgbàlà. Rírà ni wọ́n rà, títà ni wọ́n tà. Òwò ni, kí wọ́n pè é lówò.

Ibi tó dùn mí jù kì í ṣe ti owó. Ti orúkọ ni. Ẹ wo Dẹ́ńmákì. Àwọn ẹgbẹ́ káfíńtà ní Copenhagen ń ṣe ìfihàn iṣẹ́ wọn lọ́dọọdún láti 1927 títí di 1966, ayàwòrán àti káfíńtà jùmọ̀ ń gbé iṣẹ́ kalẹ̀. Finn Juhl yàwòrán àga ńlá kan ní 1949, ọba ilẹ̀ náà jókòó lórí rẹ̀ níbi ìfihàn, ni wọ́n bá ń pè é ní Àga Olóyè. (Ọba ló jókòó, olóyè ni wọ́n fi àga jẹ, ká ní Yorùbá ni wọ́n, ìjà ìbá ti dé.) Niels Vodder ni káfíńtà tó kàn án, orúkọ rẹ̀ ni a sì fi irin gbígbóná tẹ̀ sábẹ́ àwọn àga tó bá Juhl ṣe. Lónìí, ẹni tó fẹ́ ra irú àga bẹ́ẹ̀ yóò dojú rẹ̀ dé kí ó lè rí orúkọ káfíńtà, nítorí orúkọ náà wà nínú iye owó rẹ̀. Ní ti Chandigarh ńkọ́? Pierre Jeanneret nìkan ni ìwé gbàǹjo ń pariwo. Arábìnrin ará Íńdíà kan, Eulie Chowdhury, bá a ṣiṣẹ́ lórí àwọn àga náà. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni à ń gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ti àwọn tó di ayùn àti ìfági mú, a kì í gbọ́ ọ rárá. Ṣé káfíńtà Copenhagen ló ní ọwọ́, tí ti Punjab kò ní?

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ Íńdíà ni mò ń sọ. Fry àti Drew tí mo ní kí ẹ má gbàgbé, àwọn náà ló yàwòrán Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, tí a dá sílẹ̀ ní 1948. Ní àkókò yẹn kan náà, ìrókò, ọgànwó àti àpá ni àwọn káfíńtà ilẹ̀ wa fi ń kan àga ilé-ìwé, ti ọ́fíìsì àti ti ṣọ́ọ̀ṣì. Òfin tiwa, ti 1979, ní iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ tí a ṣe ṣáájú 1918 ni ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, tàbí èyí tó níyì tí a sì ti lò nínú ètò ìbílẹ̀. Àga tí olùkọ́ jókòó lé ní 1955 kò sí nínú ọ̀kan nínú méjèèjì. Bí ẹnìkan bá kó gbogbo rẹ̀ lọ ní ọ̀la, òfin yẹn kò ní bi í léèrè.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí n kò ní dárúkọ, mo rí àga ìrókò tí a tò jọ sẹ́yìn ilé ìdáná, àga rọ́bà sì ti wà ní ipò wọn nínú yàrá. Mo bi akọ̀wé tó ń ṣọ́ wọn pé, “Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fẹ́ fi ìwọ̀nyí ṣe?” Ó ní, “Àbúrò, àlòpatì ni. Ẹni tó bá fẹ́ kó wá rà á, ẹni tí kò bá fẹ́ kó fi dáná.” Mo fọwọ́ kan ọ̀kan nínú wọn: kò sí ikán, kò sí kòkòrò, ìṣó méjì péré ló yọ. Àlòpatì wo nìyẹn? Bí òyìnbó bá gbé e dé Párísì, ọ̀rọ̀ kejì yóò jáde: àwòṣífìlà. Igi kan náà, orúkọ méjì, ohun tó wà láàárín wọn kò ju ọkọ̀ òkun lọ.

Kì í ṣe òní ni irú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀kùn tí Olówè ará Ìsè gbẹ́ fún ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́ lọ sí ìfihàn ńlá ní Wembley ní 1924, British Museum fẹ́ ẹ, wọ́n sì fi àga ọba kan tí a kàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Àga ni wọ́n fi gba ilẹ̀kùn. Nísinsìnyí àga ni wọ́n tún ń bọ̀ wá mú, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi sì ń bẹ̀bẹ̀ láti jẹ́ alágbàtà wọn! Ẹ tilẹ̀ ronú owó tí ẹ ń lé: ta ló jèrè jù ní Chandigarh, ẹni tó ra àga ní gbàǹjo nílé, tàbí ẹni tó tà á ní Párísì?

Ohun tí mo fẹ́ kò ṣòro. Kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ka àga onígi rẹ̀, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó má sì lu ọ̀kan ní gbàǹjo kí káfíńtà tó yẹ̀ ẹ́ wò. Àtúnṣe ìṣó méjì kò tó owó àga rọ́bà kan. Kí ẹgbẹ́ wa yìí sì rán àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lọ bá àwọn àgbà káfíńtà tó kù láyé, kí wọ́n béèrè ẹni tó kan èwo, ọ̀gá tó kọ́ wọn níṣẹ́, àti orúkọ tí wọ́n ń pe oríṣi ẹsẹ̀ àti oríkèé kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn kò sí nínú ìwé atúmọ̀-èdè tí mo ń lò ní kíláàsì. Mo ti ra ìwé ńlá kan fún iṣẹ́ náà. Orúkọ mọ́kànlá ló wà nínú rẹ̀ báyìí, mo sì ń wá ẹni méjì tí yóò bá mi jáde ní ọjọ́ Sátidé.