Àlùmọ́gàjí Inú Ilé: Èwo Ni Ti Aṣọ, Èwo Ni Ti Ọmọ?

 

Ní òru ọjọ́ kan, ní abúlé kan láàrin ọ̀sà àti òkun ní agbègbè Àgbádárìgì, níbi tí mo wọ̀ sí fún iṣẹ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ọmọdé kan kan ilẹ̀kùn mi. Ó ní, "Àǹtí, ìyá mi ní kí ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ yá àwọn ní àlùmọ́gàjí yín. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ń rọbí." Mo ti na ọwọ́ sí èyí tí mo fi ń gé aṣọ kí n tó rántí pé orí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo jókòó sí lọ́sàn-án ọjọ́ náà, tí ewúrẹ́ ń rìn káàkiri ibi tí mo gbé e lé. Ọwọ́ mi rọ. Abẹ tuntun kan wà nínú àpò mi tí a kò tíì tú bébà rẹ̀. Òun ni mo mú, tí mo sì tẹ̀ lé ọmọ náà. Agbẹ̀bí ti dé, òun ni ó fi gé ìwọ́. Ọmọ náà ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ báyìí.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ro ọ̀rọ̀ yìí: orúkọ kan ṣoṣo tí a fi ń pe irinṣẹ́ púpọ̀ ni ó ń tàn wá jẹ. Àlùmọ́gàjí ni ti télọ̀, tí èèkù rẹ̀ tẹ̀ kí abẹ ìsàlẹ̀ lè sùn gbọnrangandan lórí tábìlì. Àlùmọ́gàjí ni èyí tí ẹnu rẹ̀ ní eyín, tí kì í jẹ́ kí etí aṣọ tú. Àlùmọ́gàjí ni ti ọgbà, ti lẹbẹ ẹja, àti ti nọ́ọ̀sì. Ọ̀dọ̀ àwọn Haúsá, tí wọ́n ń pè é ní almakashi, ni a ti gba orúkọ náà. Àwọn náà sì gbà á lọ́wọ́ Lárúbáwá. Ṣùgbọ́n tiwa ni ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ iṣẹ́ rẹ̀: rẹ́. A ń rẹ́ aṣọ, a ń rẹ́ irun àgùntàn. Ẹni tí ó bá gé lára ohun ẹlòmíràn tí ó sì jẹ ẹ́, ìrẹ́jẹ ni ó ṣe. Ẹ tún gbọ́: àwọn tí inú wọn bá dọ́gba, a ní wọ́n rẹ́, láti ibẹ̀ ni a ti ń gbọ́ ìrẹ́pọ̀. Abẹ méjèèjì àlùmọ́gàjí kò sì lè rẹ́ aṣọ bí àwọn fúnra wọn kò bá rẹ́.

Kí ni ewu tí ó wà nínú yíyá ara ẹni ní àlùmọ́gàjí fún ìwọ́ ọmọ? Kòkòrò àrùn tẹ́tánọ́ọ̀sì ń gbé inú erùpẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran. Kì í ṣe pé irin dógùn-ún nìkan ni ewu rẹ̀. Irin tí ń dán gbinrin lè gbé e wọ inú ìwọ́. Ó tún le débi pé omi híhó lásán lè má pa á tán. Ọmọ tí ó ti ń mu ọmú dáadáa yóò ṣàdédé kọ ọmú láàrin ọjọ́ kẹta sí ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, ara rẹ̀ yóò sì le gbagidi. Àwọn kan a máa pè é ní gìrì lásán. Ẹ má ṣe dúró wo ẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Ohun tí ó sàn jù ni kí a dènà rẹ̀. Kí aláboyún gba abẹ́rẹ́ àjẹsára tẹ́tánọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn. Kí ó lọ bímọ sí ibi tí agbẹ̀bí tí ó kọ́ṣẹ́ wà. Bí ọmọ bá dé lójijì, kí ọwọ́ ẹni tí yóò gbẹ̀bí mọ́, kí abẹ jẹ́ tuntun tí a kò tíì tú, kí okùn tí a ó fi so ìwọ́ náà mọ́. Ẹ má fi eérú, erùpẹ̀ tàbí ìgbẹ́ ẹran sí ìdodo ọmọ; ohun tí nọ́ọ̀sì bá fún yín nìkan ni kí ẹ lò.

Ní ti àlùmọ́gàjí aṣọ, ẹ má fi gé bébà, ẹ má sì fi gé ẹja. Bébà ń mú ẹnu rẹ̀ kú. Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ etí òkun wa tètè ń mú irin dógùn-ún, nítorí náà ẹ nù ún gbẹ lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ kán òróró ẹ̀rọ ìránṣọ sí ibi ìṣó rẹ̀, kí ẹ sì fi aṣọ wé e. Òróró àgbọn pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n òróró jíjẹ a máa ki, a sì máa lẹ̀ mọ́ irin. Ẹ so òwú pupa mọ́ èèkù ti aṣọ, kí ẹ so aláwọ̀ ewé mọ́ ti ilé ìdáná, kí gbogbo ará ilé lè mọ ìyàtọ̀.

Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Kò sí abiyamọ tí ó lè dá gbẹ̀bí ara rẹ̀. Bí ọmọ aládùúgbò yín bá kan ilẹ̀kùn lóru, ẹ má sọ pé kò sí. Ẹ fún un ní èyí tí ó tọ́.

Ó di oṣù tí ń bọ̀.