Third kì í ṣe ẹ̀dà Bitches Brew

Olóòtú,

Ẹ kọ ọ́ pé Third, àwo orin ẹgbẹ́ Soft Machine ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò ju ẹ̀dà Bitches Brew ti Miles Davis lọ. Déètì kò gbè yín. Oṣù Ẹrẹ́nà 1970 ni Bitches Brew jáde. Oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún náà ni wọ́n ti gba ohùn “Facelift”, orin tó ṣáájú nínú Third, sílẹ̀ lójú agbo ní Croydon. Lóòótọ́, wọ́n gbọ́ Miles; olórin jáàsì wo ni kò gbọ́ ọ? Ṣùgbọ́n dùùrù Mike Ratledge, ọmọ ẹgbẹ́ Soft Machine, tó ń bú ramúramù bíi gìtá, Canterbury ló ti wá, níbi tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 1966. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un kọ.

Òǹkàwé yín,
Ìbàdàn