Ìyà Nìkan Kì í Kó Ènìyàn Jọ

Ohun tó bá ń dun ni níí pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Èyí ló mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí ìyà bá ṣáà ti pọ̀ tó, àwọn tí ń jẹ ẹ́ yóò dìde fúnra wọn. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìyà a máa múni ráhùn, ṣùgbọ́n àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ọwọ́ tí kò sì mọ ara wọn tẹ́lẹ̀ kò ṣeé gbá jọ lóòjọ́.

Ẹ wo Ẹ̀gbá, ọmọ Líṣàbí. Láti ọdún 1918 ni owó-orí ti wà lọ́rùn obìnrin Abẹ́òkúta; ọmọbìnrin tó bá pé ọdún 15 ti di ẹni tí ń san án, àwọn agbowó-orí mìíràn a sì máa tú ọmọ ọlọ́mọ síhòòhò láti wò ó bóyá ó ti bàlágà. Ẹ̀tẹ́ wo ló ju èyí lọ? Síbẹ̀, nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún kọjá kí ìlú tó dàrú.

Ohun tó yí padà ni pé ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọ̀mọ̀wé, tí Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti jẹ́ aṣáájú rẹ̀, ṣílẹ̀kùn fún àwọn obìnrin ọjà, tí wọ́n ń kọ́ wọn níwèé, tí wọ́n sì gbèjà wọn nígbà tí àwọn aláṣẹ ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ wọn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè: ọ̀mọ̀wé mọ bí a ti ń kọ̀wé síjọba, alátẹ mọ ojú àti orúkọ gbogbo ọjà. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n rọ́ lọ sí ààfin láti tako owó-orí ní òpin ọdún 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n. Nígbà tí aláṣẹ sì fi ìwé ìyọ̀ǹda ìwọ́de dù wọ́n, wọ́n ní ìgbafẹ́ lásán làwọn ń lọ ṣe. Ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì, ọba Ẹ̀gbá, fi orí ìtẹ́ sílẹ̀.

Bí ẹnìkan bá ní ìgboyà aṣáájú kan ṣoṣo ló ṣe é, kí ó rántí ohun tí ìtàn sọ nípa Líṣàbí fúnra rẹ̀, akọni tó gba Ẹ̀gbá lọ́wọ́ Ọ̀yọ́: kò fi ogun bẹ̀rẹ̀. Àáró ló kọ́kọ́ dá sílẹ̀, tí wọ́n ń ro oko ara wọn yíká, títí ìgbọ́kànlé fi wọ àárín wọn. Àwọn tó jọ ń ro oko yìí náà ló sì dìde lọ́jọ́ kan ṣoṣo sí àwọn ajẹ́lẹ̀ Ọ̀yọ́.

Nítorí náà, kí a má ṣe fojú yẹpẹrẹ wo ẹgbẹ́ ọjà, èésú àti àáró; ẹni tó bá fẹ́ kí ará ìlú dìde lọ́la, kí ó wá iṣẹ́ tí wọn yóò jọ máa ṣe lónìí, nítorí ọjọ́ ìjà kọ́ là ń ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ẹni tí yóò tì wá lẹ́yìn.