Ẹ Má Dúró De Ọkọ̀ Panápaná: Iná Oko, Àwa Fúnra Wa La Máa Pa Á

Ọyẹ́ ti dé, koríko ti gbẹ. Òótọ́ ọ̀rọ̀ la fẹ́ sọ lónìí, ẹ má bínú.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, iná wọ oko kaṣú ní abúlé kan tí a máa ń bẹ̀ wò. Igi tó ti ń so láti ọjọ́ pípẹ́ jó tán kí oòrùn tó wọ̀. Nígbà tí a débẹ̀, àwọn géńdé dúró sẹ́bàá títì, wọ́n ń fi fóònù ya fídíò! Wọ́n ní àwọn ti pe panápaná. Ibo ni ọkọ̀ omi fẹ́ gbà wọ oko tí ọ̀kadà gan-an ń rá pálá kó tó dé?

Àwọn kan á ní, "Ṣé wọ́n ń sanwó fún wa ni?" Rárá o. Ṣùgbọ́n iná kì í béèrè owó kó tó jó oko. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Ẹ̀yin oníṣòwò tẹ́ ẹ ti san owó kaṣú sílẹ̀, owó yín náà ló ń jó yẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń tiná bọ igbó nítorí ọ̀yà, ọ̀yà mélòó ló tó oko kaṣú kan?

Ẹ wo Gánà. Lọ́dún 1983, ọ̀dá àti iná igbó run oko kòkó rẹpẹtẹ níbẹ̀. Lónìí, wọ́n ní ẹgbẹ́ panápaná olùyọ̀ǹda ara ẹni ní ìgbèríko. Àgbẹ̀ bíi tiwa ni wọ́n. Kí ló ń ṣe àwa?

Kí abúlé kọ̀ọ̀kan yan géńdé mẹ́wàá lọ́sẹ̀ yìí:
- Ẹ ro ilẹ̀ yí oko ká, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, títí ó fi kan erùpẹ̀.
- Ẹ fọ pọ́ǹpù ìfínkò dáadáa, ẹ rọ omi sí i. Ẹ tọ́jú àdá, ọkọ́ àti ẹ̀ka igi tútù.
- Aṣọ òwú ni kẹ́ ẹ wọ̀. Aṣọ ọ̀rá máa ń yọ́ mọ́ ara.
- Ẹ má dúró níwájú iná. Ẹ̀gbẹ́ ni kẹ́ ẹ ti máa pa á bọ̀.
- Bó bá ga jù yín lọ, ẹ sá. Oko ṣe é tún gbìn, ẹ̀mí ò ṣe é gbìn.

Abúlé wo ló máa kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀? Ẹ kọ orúkọ ẹ̀ sísàlẹ̀, a máa wá kọ́ yín. Ẹ bá wa pín in fún àwọn ará oko.