Ìwọ̀n Ara Ni Ìwọ̀n Ṣòkòtò

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò bá fún ni lẹ́sẹ̀, a sò ni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Ìwà ọmọ ènìyàn ni wọ́n ń bá wí nígbà tí wọ́n ń pa òwe yìí, kì í ṣe iṣẹ́ aránṣọ. Síbẹ̀, bí a bá yẹ òwe náà wò dáadáa, a ó rí i pé òótọ́ pọ́nńbélé ni nípa ṣòkòtò pàápàá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń fi owó ara rẹ̀ ra aṣọ, tí ó sì ń san owó iṣẹ́ pé, síbẹ̀ tí ó jẹ́ ṣòkòtò àgbàbọ̀ ni ó ń wọ̀ lójoojúmọ́, nítorí pé ara ẹlòmíràn ni a wò kí a tó gé e.

Ní ayé àtijọ́, ọ̀ràn yìí kò le tó bẹ́ẹ̀. Kẹ̀ǹbẹ̀ tí àwọn baba ńlá wa ń wọ̀ fẹ̀ lára, ó sì ní okùn ní ìbàdí. Ẹni tí ó sanra yóò dẹ okùn tirẹ̀. Ẹni tí ó rù yóò fún un. Aṣọ tí ó bá ṣẹ́kù yóò wọ́ wálẹ̀ láàrin ẹsẹ̀ méjèèjì, yóò sì di ẹ̀ṣọ́. Baba lè wọ̀ ọ́ títí di ọjọ́ ogbó, kí ọmọ rẹ̀ sì tún jogún rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tú ojú ìrán kan. Ṣòkòtò òyìnbó kò ní irú àánú bẹ́ẹ̀. Ó sún mọ́ ara pẹ́kípẹ́kí. Bọ́tìnnì tàbí síìpù ni a fi ń dè é. Ìbàdí rẹ̀ sì dúró sójú kan. Bí aṣọ bá fi ìwọ̀nba díẹ̀ kù ní ibi tí ẹsẹ̀ méjèèjì ti pàdé lábẹ́, ẹni tí ó wọ̀ ọ́ yóò mọ̀ ní gbogbo ìgbà tí ó bá jókòó.

Láti lè rán irú ṣòkòtò báyìí ni àwọn aránṣọ fi ń lo pátáànì, èyíinì ni bébà tí a gé bí ìrísí abala aṣọ kọ̀ọ̀kan, tí a ó tẹ́ lé aṣọ kí àlùmọ́gàjí tó kàn án. Ní ọdún 1863 ni aránṣọ kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Ebenezer Butterick, bẹ̀rẹ̀ sí í ta pátáànì oníbébà tí a gé ní oríṣiríṣi ìwọ̀n, tí àwọn ènìyàn lè fi rán aṣọ nínú ilé wọn. Iṣẹ́ ńlá ni èyí jẹ́. Kò sí ẹni tí ó gbọ́n tí yóò fi ojú tín-ín-rín wo pátáànì, nítorí pé ó ń gba ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ àṣìṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ya pátáànì kò rí ẹni tí yóò wọ aṣọ. Ó kàn gbà pé bí ìdí bá fẹ̀ tó báyìí, itan yóò tóbi tó báyìí, ẹsẹ̀ yóò sì gùn tó báyìí. Ara ọmọ ènìyàn kì í sábà tẹ̀ lé irú ìṣirò bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin méjì lè wà tí téèpù yóò wí pé íǹṣì 40 ni ìdí àwọn méjèèjì. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn ni ti ọ̀kan yọ sí, tí ó sì jẹ́ pé iwájú àti ẹ̀gbẹ́ ni ti èkejì pọ̀ sí, ṣòkòtò tí ó bá ọ̀kan mu kò lè bá èkejì mu láéláé. Òṣùwọ̀n kan náà ni. Ara kan náà kọ́.

Ibi tí àṣìṣe yìí ti ń ṣe ibi jù ni aṣọ ilé-ẹ̀kọ́. Nígbà tí sáà tuntun bá kù sí dẹ̀dẹ̀, aránṣọ kan lè gba iṣẹ́ ṣòkòtò kakí fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọkùnrin. Ó ní páálí mẹ́ta lára ògiri: ti kékeré, ti àárín, àti ti ńlá. Ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò fi gé ti olúkúlùkù ọmọ. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn yóò máa wọ ṣòkòtò tí ó fo kókósẹ̀. Ọmọ tí bọ́ọ̀lù gbígbá ti mú kí itan rẹ̀ ki yóò máa rìn bí ẹni tí a so lókùn. Ní ọjọ́ kan, ìwé yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Yóò bẹ̀rẹ̀ láti mú un, aṣọ yóò sì ya láti ìdí dé abẹ́. Gbogbo kíláàsì yóò bú sẹ́rìn-ín. Kì í ṣe kakí tí ó ya nìkan ni àdánù ọjọ́ náà. Ọmọ náà kì yóò darí lọ sílé kí ó wí pé aránṣọ ni ó jẹ̀bi. Yóò gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ara òun ni kò dára. Ìyá rẹ̀, tí ó ti tọ́jú owó aṣọ náà pẹ̀lú òógùn ojú, yóò tún wá owó mìíràn. Bébà kan tí ẹnikẹ́ni kò tún ṣe ni ó fa gbogbo rẹ̀.

Àtúnṣe náà kò sì ju agbára ọmọ iṣẹ́ tí ó ní sùúrù lọ. Ohun àkọ́kọ́ ni kí ó wọn ènìyàn kí ó tó wọn aṣọ. Yóò wọn ìbàdí, yóò wọn ibi tí ìdí ti tóbi jù, yóò wọn itan, orúnkún àti gígùn ẹsẹ̀. Lẹ́yìn èyí, yóò ní kí oníbàárà jókòó lórí àga líle, yóò sì wọn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti ìbàdí dé orí àga. Ìwọ̀n ìjókòó yìí ni ọ̀pọ̀ aránṣọ ń fò, bẹ́ẹ̀ ni òun gan-an ni ó ń sọ bí abẹ́ ṣòkòtò yóò ti jìn tó. Gbogbo ìwọ̀n wọ̀nyí ni yóò kọ sílẹ̀, tí yóò sì fi wé ti pátáànì.

Níbi tí ìyàtọ̀ bá wà, ìṣirò díẹ̀ ni ó kù. Bí a bá ya pátáànì fún ẹni tí ìdí rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 38, tí ti ọmọ tí yóò wọ̀ ọ́ sì jẹ́ íǹṣì 40, íǹṣì 2 ni ó kù. Abala mẹ́rin ni ṣòkòtò ní, méjì níwájú, méjì lẹ́yìn. Nítorí náà, bí ọmọ náà bá tóbi yípo lọ́gbọọgba, ìdajì íǹṣì ni a ó fi kún ẹ̀gbẹ́ abala kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn nìkan ni ìdí rẹ̀ yọ sí, pínpín lọ́gbọọgba kò tọ́. A ó gé bébà abala ẹ̀yìn ní ìbú, láti àárín ẹ̀yìn lọ sí ẹ̀gbẹ́, láìjẹ́ kí ó já tán. A ó là á díẹ̀ ní àárín ẹ̀yìn, a ó sì lẹ bébà mìíràn dí àlàfo náà. Báyìí ni ẹ̀yìn yóò ṣe gùn sí i láìjẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ kúrò ní ipò rẹ̀. Ẹni tí ìdí rẹ̀ tẹ́ ń kọ́? Òdì kejì rẹ̀ ni a ó ṣe: a ó ká bébà lé ara wọn. Ẹni tí ikùn rẹ̀ yọ yóò sì gba irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ ní abala iwájú.

Ní ti gígùn, ọ̀pọ̀ ni ó rò pé kí a kàn fi aṣọ kún ìsàlẹ̀ ni. Àṣìṣe ni fún ṣòkòtò tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tín-ín-rín lọ sísàlẹ̀. Pátáànì ti yan ibi tí orúnkún yóò wà; bí a bá fi gbogbo àfikún sí ìsàlẹ̀, orúnkún aṣọ yóò wà ní itan ẹni tí ó wọ̀ ọ́. Bébà ni kí a gé ní ìbú ní òkè orúnkún àti ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí a fà á sọ́tọ̀ bí ó ti yẹ, kí a sì rí i pé iye kan náà ni a fi kún iwájú àti ẹ̀yìn.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, aránṣọ tí ó mọ iṣẹ́ kì yóò tíì fọwọ́ kan ojúlówó aṣọ. Aṣọ olówó pọ́ọ́kú ni yóò kọ́kọ́ gé, tí yóò sì fi ọwọ́ rán an ní ìrán gbọ̀ọ̀rọ̀ tí ó ṣeé tú, kí oníbàárà lè wọ̀ ọ́ wò. Aṣọ ní ẹnu fún ẹni tí ó gbọ́ èdè rẹ̀. Bí ó bá ń fà tan-in-tan-in ní ìbú, ó ń wí pé òun fún. Bí ó bá rọ̀ wálẹ̀ wọ̀ọ̀rọ̀wọ̀, ó ń wí pé òun pọ̀ jù. Bí ìbàdí ẹ̀yìn bá ń wọ́ wálẹ̀ nígbà tí ènìyàn bá jókòó, ẹ̀yìn ni ó kúrú. Nígbà tí aṣọ bá dákẹ́ tán ni kí a tó gé èyí tí a fi owó ńlá rà. Bí ọmọ tí ó ń dàgbà ni ó ni ín, ó dára kí a fi tó íǹṣì 1 sílẹ̀ sínú ojú ìrán àárín ẹ̀yìn, kí a lè dẹ̀ ẹ́ ní ọdún tí ń bọ̀. Aṣọ tí a fi pamọ́ ṣeé tú. Èyí tí a ti gé sọnù kò ṣeé dá padà.

Àwọn kan yóò wí pé iṣẹ́ yìí ń jẹ àkókò, àti pé owó aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ kò tó ohun tí à ń ṣe é sí. Òtítọ́ ni pé ó gba àkókò. Ṣùgbọ́n títú aṣọ, títún un rán, àti bíbẹ oníbàárà tí inú ń bí, àkókò náà ni wọ́n ń gbà. Àwọn mìíràn yóò wí pé ọ̀gá àgbà kan wà tí kì í wọn ènìyàn, tí ó jẹ́ pé ojú lásán ni ó fi ń gé aṣọ tí ó sì ń bá ara mu. Irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́. Ẹgbẹ̀rún ara tí ó ti wọ̀n rí ni ó wà nínú ojú rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tí ó bá fara wé e kí ó tó wọn ogún ènìyàn, aṣọ onílẹ̀ ni yóò fi kọ́ ọgbọ́n. Àwọn ẹlòmíràn ẹ̀wẹ̀ yóò wí pé aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ rí bákan náà. Àwọ̀ àti ìrísí ni ó gbọ́dọ̀ rí bákan náà. A kò lè pàṣẹ fún itan.

Ohun tí ó yẹ ni kí àwọn olórí ilé-ẹ̀kọ́ tí ń gbé iṣẹ́ aṣọ fún aránṣọ fi í sínú àdéhùn pé a ó wọn ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí àwọn òbí sì bèèrè bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó sanwó. Ó sì yẹ kí ọ̀gá aránṣọ kọ́ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ní títún bébà ṣe kí ó tó kọ́ ọ ní títẹ ẹ̀rọ. Pátáànì dára, ṣùgbọ́n ìránṣẹ́ ni, kì í ṣe ọba. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Eku kì í gé ìrù rẹ̀ nítorí pé ìtẹ́ kéré. Ṣòkòtò ni a ń tún ṣe fún ara. A kì í tún ara ṣe fún ṣòkòtò.